Káàdì Kan fún Mẹ́wàá
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Peckham, London

Wọ́n ní kí a sọ bí ẹgbẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé, ọdún mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́, ìdí káàdì Pokémon ni a ti kọ́kọ́ di ẹgbẹ́.

Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń ta káàdì yìí ní Japan, ṣùgbọ́n ọdún 1999 ló jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni wá nígbà náà. Owó oúnjẹ ọ̀sán la ń dá jọ, bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá àjọ: ẹni tó kàn lọ́sẹ̀ yìí ni yóò ra páàkì. Ìyá ọ̀kan nínú wa rí wọn lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní, “Ṣé bébà yìí lẹ jẹ lọ́sàn-án?”

Káàdì mọ́kànlá ló wà nínú páàkì kan. Èyí tó bá ní àmì róbótó pọ̀ bí ilẹ̀. Èyí tó bá ní ìràwọ̀ ló ṣọ̀wọ́n, ọ̀kan péré ló sì máa ń wà nínú mọ́kànlá. Nínú 102 tó wà nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, Charizard ni ọba, ẹranko abìyẹ́ tó ń tu iná lẹ́nu. Agbára 120 ló ní. 40 ni ti Pikachu tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi òfin de káàdì náà. Tiwa náà fi òfin dè é, a bá kó eré wa lọ sórí àtẹ̀gùn ilé.

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan ti bá wa. Kò tíì pé oṣù kan tó dé láti Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ra páàkì kan fún un, Charizard sì wà nínú rẹ̀. Kò mọ ohun tó mú dání, àwa mọ̀ ọ́n. A ka káàdì mẹ́wàá sí i lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ olóbìrípo àti àwọn tí a ti ní ní méjì-méjì. Ó rò pé mẹ́wàá ju ọ̀kan lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ṣé o.”

Ẹ̀san kò pẹ́. Nínú eré yẹn, Charizard kì í dá wọ ojú ìjà. Charmander ni yóò kọ́kọ́ jáde, yóò di Charmeleon, kó tó di Charizard. Àwọn méjèèjì wà nínú mẹ́wàá tí a kó fún un! Ọba wà lọ́wọ́ wa, kò sí ẹni tí yóò gbé e gorí ìtẹ́. A ò lè padà lọ bẹ̀ ẹ́, nítorí ó ti gbọ́ iye tí káàdì rẹ̀ tó. Kò fẹjọ́ wa sun ẹnikẹ́ni. Kò kàn jókòó tì wá mọ́. Kí ọdún ilé ìwé tó parí, wọ́n ti kó kúrò ní Peckham.

Ìdí nìyí tí òfin kìíní ẹgbẹ́ wa fi sọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, a gbọ́dọ̀ sọ iye gidi fún un: iye owó ilé, iye owó iṣẹ́, iye owó lọ́yà. A mọ bí wọ́n ṣe ń ta àlejò nílùú yìí, àti pé èdè wa ni wọ́n sábà máa ń fi tà á. Àwa náà ti ṣe é rí, ọmọdé ni wá, ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ.

Káàdì náà wà lọ́wọ́ akápò wa. Owó rẹ̀ ti gòkè gan-an, a kò sì ní tà á, nítorí kì í ṣe tiwa. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọmọ Ìbàdàn náà, ẹ bá wa sọ fún un pé kó wá gba ẹrù rẹ̀. Àyè rẹ̀ wà lórí ìjókòó.

Ẹgbẹ́ wa kò ní dàrú. Ọdún á yí po lórí ayọ̀.