Ìrántí Tony Allen, Onílù Jáàsì

 A gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń bèèrè ohun tí ó kan ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ àṣà ìbílẹ̀ pẹ̀lú onílù jáàsì tí ó kú sí ìlú Paris ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020. Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní sá fún un.

Èkó ni a bí Tony Ọládipọ̀ Allen sí ní 1940. Kì í ṣe ọmọ Òṣogbo, kì í sì í ṣe Ìjẹ̀ṣà. Ó ti tó ọmọ ọdún 18, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò, kí ó tó fi ara rẹ̀ kọ́ ìlù lílù. Àwo orin Art Blakey àti Max Roach, àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ni ó fi ṣe olùkọ́. Jáàsì yìí pàápàá, ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ni ó padà wá. Nínú ẹgbẹ́ Victor Ọláìyá, igi kékeré méjì tí a ń gbá mọ́ra ni ó kọ́kọ́ fi sí i lọ́wọ́.

Ní 1964 ni ó pàdé Fẹlá, wọ́n sì jọ wà títí di 1979. Òun ni ó ń darí àwọn olórin Africa 70.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró lẹ́bàá dùndún mọ̀ pé ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan, kẹríkẹrì a sì máa dá wọn lóhùn. Ohun tí ènìyàn púpọ̀ ń ṣe yìí ni Allen nìkan fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí àwo idẹ, ọwọ́ òsì ní tirẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń ṣí àwo méjì, ó ń pa wọ́n dé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń lu ìlù ńlá níbi tí etí kò ti retí rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé nígbà tí ó lọ, onílù mẹ́rin ni Fẹlá fi rọ́pò rẹ̀.

Kí ni ó lé e lọ? Owó àti iyì. Ẹ má jẹ́ kí a dá Fẹlá nìkan lẹ́bi. Bí a bá ń ṣe ìwúyè tàbí òkú àgbà ní ìlú yìí, a ń tẹ orúkọ akọrin gàdàgbà sórí ìwé ìpè; onílù kò sí níbẹ̀.

Allen kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, ó lọ sí London ní 1984, lẹ́yìn náà ó fi Paris ṣe ilé. Ní 2017, ẹni tí ó ti lé ní ẹni ọdún 75 yìí gbé àwo kan jáde láti fi bu ọlá fún Art Blakey, olùkọ́ tí ó ti fi etí gbọ́ ní ìgbà èwe. A ti mú àwo náà wá. Bí àwọn olóyè bá yọ̀ǹda, a ó fi sí i nísinsìnyí. Kí àwọn onílù wa tí wọ́n jókòó lẹ́yìn sì sọ fún wa ohun tí wọ́n gbọ́ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.