Veja-no-ness: Ìjọba Tí Kò Ju Abúlé Kan Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú

 

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó lè là wá lójú nípa bí àwọn ìlú mìíràn ṣe ń gbé. Abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Íńdíà ni mo yàn, tí a ń pè ní Veja-no-ness. Abúlé yìí ti jẹ́ ìjọba rí. Ó ní olórí tirẹ̀, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan náà pẹ̀lú àwọn ìjọba ńláńlá.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso Íńdíà, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ náà ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mú. Ìjọba tí ó lé ní 550 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọba ilẹ̀ náà, tí aṣojú Gẹ̀ẹ́sì sì ń ṣọ́ wọn. Irú àkóso bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Lugard, ẹni tí ó fi ìdí àkóso láti ọwọ́ àwọn ọba múlẹ̀ ní Nàìjíríà, Madras ní Íńdíà ni a bí i sí ní 1858.

Nínú àwọn ìjọba wọ̀nyí, Hyderabad ju 82,000 máìlì onígun mẹ́rin lọ. Veja-no-ness ńkọ́? V. P. Menon, akọ̀wé àgbà ní iléeṣẹ́ tí ó bójú tó ọ̀ràn àwọn ọba náà lẹ́yìn òmìnira, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1956 pé ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 29 nínú 100 máìlì onígun mẹ́rin kan ṣoṣo. Èyí kò tó 190 éékà. Ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ 206, owó tí ó ń wọlé fún un lọ́dún sì jẹ́ 500 rúpì. Orúkọ rẹ̀ pàápàá fi ìdí rẹ̀ hàn: ní èdè Gujarati, àgọ́ àwọn darandaran ni à ń pè ní “nes”. Àgọ́ Veja ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Kathiawar ni abúlé náà wà, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, níbi tí omi òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ilẹ̀ ká. Ilẹ̀ yìí ni a bí Gandhi sí, ní ìlú Porbandar, ní 1869. Bàbá rẹ̀ sì jẹ́ olórí àwọn ìránṣẹ́ ọba níbẹ̀. Gbogbo Kathiawar lé díẹ̀ ní 21,000 máìlì onígun mẹ́rin, síbẹ̀ ìjọba 222 ni ó wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ilẹ̀ ọba kan a máa wà láàárín ilẹ̀ ọba mìíràn, a pín agbègbè náà sí nǹkan bí 860 ẹ̀ka àkóso.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ohun méjì ni ó fà á. Èkínní ni ogún pípín. Láàárín ìran Kathi, gbogbo ọmọkùnrin ní ń pín ilẹ̀ bàbá wọn dọ́gbadọ́gba, bí ìgbà tí àwa bá pín ogún ní orí-ò-jorí. Láàárín ìran Rajput, àrẹ̀mọ a jókòó sórí oyè, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò rẹ̀ a gba ilẹ̀ tiwọn. Àwa Yorùbá a máa pín oko, a sì máa pín ilé, ṣùgbọ́n a kì í la adé sí méjì fún ọmọ méjì. Níbẹ̀, bí ìran ti ń tẹ̀lé ìran, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ ń bá ilẹ̀ kéré sí i.

Èkejì ni àdéhùn ọdún 1807. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọmọ ogun Maratha a máa wá fi agbára gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀gágun Walker, ará Gẹ̀ẹ́sì, bá àwọn olórí náà ṣe àdéhùn pé kí olúkúlùkù máa san iye kan pàtó, kí ogun má baà wá mọ́. Àlàáfíà dé nítòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá ti di olórí, bí ó ti wù kí ilẹ̀ rẹ̀ kéré tó, olórí ni ó ń jẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo irú oyè tí ó jẹ́. Ní 1863 àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín àwọn olórí Kathiawar sí ipò méje, wọ́n sì fi ipò díwọ̀n agbára olúkúlùkù láti dá ẹjọ́. Àwọn tí ó kéré jù kò ní agbára náà rárá. Òṣìṣẹ́ tí a ń pè ní thanadar ni ó ń dá ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ wọn pọ̀. Oyè wà, àṣẹ kò sí. Ẹ tún wo 500 rúpì náà. Nínú rẹ̀ ni olórí yóò ti jẹun. Kí ni yóò kù tí a ó fi kọ́ ilé-ìwé, tí a ó fi la ọ̀nà, tí a ó fi san owó oníṣègùn?

Gondal, ní Kathiawar kan náà, ní nǹkan bí 1,000 máìlì onígun mẹ́rin. Ọba rẹ̀, Bhagvatsinhji, kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh. Ó pàṣẹ pé kí àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilé-ìwé. Ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ èdè Gujarati tí ó jẹ́ apá mẹ́sàn-án. Adé Gondal ti lọ, ìwé náà kò lọ. Inú rere olórí Veja-no-ness ì bá tó ti ọba yìí, kí ni ó lè fi 500 rúpì ṣe?

Nígbà tí ó di 1943, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí so àwọn ìjọba kéékèèké mọ́ àwọn tí ó tóbi. Lẹ́yìn òmìnira, Vallabhbhai Patel àti Menon pe àwọn ọba Kathiawar jọ, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ìṣọ̀kan ní oṣù January 1948. Ní ọjọ́ 15 oṣù February, ìjọba kan ṣoṣo tí a ń pè ní Saurashtra bẹ̀rẹ̀. Ní 1951 ó ṣe òfin tí ó jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ tí ń dáko lórí ilẹ̀ àwọn olórí di onílẹ̀. Saurashtra wọnú ìpínlẹ̀ Bombay ní 1956; láti 1960 ó wà nínú Gujarat. Ní 1971 Íńdíà fòpin sí owó ọdọọdún tí a ń san fún àwọn tí ó ti jọba rí.

Kí á má ṣe rò pé èrè nìkan ni ó wà níbẹ̀. Olórí abúlé kò jìnnà: ẹni tí màlúù bá jẹ oko rẹ̀ lè rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjọba ńlá jìnnà, ohùn 206 ènìyàn kì í sì tètè dé etí rẹ̀. Nítorí náà ni Gujarat ṣe ṣe òfin ní 1961 tí ó fún abúlé ní ìgbìmọ̀ tí ará ibẹ̀ fi ìbò yàn. Ọ̀rọ̀ kànga àti ojú ọ̀nà abúlé di ti ìgbìmọ̀; ohun tí ó ju agbára abúlé lọ di ti ìpínlẹ̀.

Ẹ̀yin ará, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ẹnikẹ́ni bá dìde láàárín wa pé kí àdúgbò òun yapa kí ó sì dá dúró, kí á má ṣe bú u. Ẹ̀dùn ọkàn ló máa ń mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ó sì yẹ kí á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí á bi í léèrè ohun tí à bá bi olórí Veja-no-ness: lẹ́yìn ìwúyè, ta ni yóò san owó olùkọ́? Kí á sì bi ara wa tí a wà nínú ẹgbẹ́ náà: àdúgbò tí ó kéré jù nínú ìlú yìí, ǹjẹ́ ohùn rẹ̀ ń dé etí wa?