Ajá Tí Wọ́n Tú Sílẹ̀ Ládùúgbò: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wa bá àwọn ẹbí sọ níbi ìpàdé wa ní Chicago

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa ń bá yín wo ìwé owó orí bí oṣù kẹrin bá ti ń sún mọ́lé. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí mo kọ́. Èmi kì í ṣe lọ́yà, n kì í sì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n àwọn bíìlì ọsibítù tí àwọn èèyàn ń kó wá sórí tábìlì mi nítorí ajá ti pọ̀ ju ohun tí mo lè dákẹ́ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Ní àdúgbò tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀, ọkùnrin kan wà tó máa ń tú ajá rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Bí ajá náà bá ti rí mi tí mò ń lọ wọ bọ́ọ̀sì, á sáré bọ̀, á máa gbó, á fi eyín hàn mí. Ọ̀gá rẹ̀ á dúró lókèèrè, á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí n má bẹ̀rù, ajá òun kì í bu èèyàn jẹ. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní àlejò ni mí, kí ni mo fẹ́ fa wàhálà sí. Ó di ọjọ́ kan, ajá yìí gbá ọmọ ilé ìwé kan mú ní itan. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlú ń béèrè káàkiri bóyá ẹnì kan ti fi ẹjọ́ ajá náà sùn rí, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ gbọ́ bí òfin ṣe wí. Ní Chicago, ajá kò gbọdọ̀ kọjá ààlà ilé ẹni tó ni ín, ì báà ṣe orí nìkan ló yọ kọjá fẹ́ńsì, àfi bí okùn bá wà lọ́rùn rẹ̀ tí ẹni tó lè kápá rẹ̀ sì di okùn náà mú. Bí iwájú ilé kò bá ní fẹ́ńsì, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ajá níbẹ̀ náà. Nínú pápá ìṣeré ìlú, ibi tí Chicago Park District yà sọ́tọ̀ fún ajá nìkan ni wọ́n ti lè tú u sílẹ̀, irú bí etíkun ajá tó wà ní Montrose, alájá sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó lò ó. “Kì í bu èèyàn jẹ” kò sí nínú òfin náà rárá.

Ọ̀rọ̀ eré kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, ajá méjì tó ń rìn kiri pa obìnrin kan tó ń sáré ìdárayá nínú Dan Ryan Woods, ní ìhà gúúsù ìlú yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Illinois mú òfin ajá le sí i. Ẹ sì wo àwọn òṣìṣẹ́ pósítù: ní 2023, 48 ni ajá kọlù ní Chicago, ìlú wa ló ṣe ìkẹta ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, ẹ má dúró dìgbà tó bá bu èèyàn jẹ. Lábẹ́ òfin Illinois, wọ́n lè pe ajá ní ajá eléwu bó bá wà níta ilé rẹ̀ láìsí okùn, tó sì ń halẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́nà tí ẹni tó lórí pípé máa gbà pé ewu ti dé, àní bí eyín rẹ̀ kò bá tíì kan ẹnikẹ́ni. Ẹ pe 311. Chicago Animal Care and Control, tó wà ní Western Avenue, ni wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí. Ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, aago, àwọ̀ ajá, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó rí i. Bí ẹ bá lè ya fọ́tò láti ọ̀nà jíjìn, ẹ yà á. Bí àwọn aládùúgbò mẹ́ta bá pe 311 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó wúlò ju kí ẹnì kan máa pè nígbà mẹ́ta lọ. Bí ajá bá ń ṣe èèyàn léṣe lọ́wọ́, 911 ni o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Dolton tàbí Matteson, 311 ti Chicago kò kàn yín. Ọlọ́pàá ìlú yín ni kí ẹ pè.

Mo mọ ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan sọ fún mi pé, “Bọ̀dá, ìwé mi kò tíì jáde, ẹ ní kí n lọ pe ìjọba.” Chicago ní òfin tó ní kí òṣìṣẹ́ ìlú má máa bi èèyàn ní ìwé ìgbélùú kó tó ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó gba fóònù 311 kò ní bi yín ní físà. Ẹjọ́ owó gbà-mí-bíńtín pẹ̀lú, ẹni tí kò ní ìwé lè pè é ní kóòtù Illinois. Bí ọkàn yín kò bá síbẹ̀ síbẹ̀ balẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa bá yín pè é.

Ẹ lè kọ́kọ́ bá alájá sọ̀rọ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, nígbà tí ajá wà nínú ilé, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó. Bó bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má bá a jà, ẹ má fi májèlé halẹ̀, ẹ má sì gbé igi. Bí ilé tó ń gbé bá jẹ́ ilé àyágbé, ẹ kọ lẹ́tà sí lánlọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Àwọn àgbà ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn gan-an ni ìwé yín gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ajá bá ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ má sáré. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ. Ẹ dúró gbagidi, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ má pariwo, ẹ fi báàgì tàbí ẹ̀wù òtútù sáàárín ẹ̀yin àti òun, kí ẹ rọra máa fi ẹ̀yìn rìn. Bó bá bì yín ṣubú, ẹ ká ara jọ, kí ẹ fi ọwọ́ bo ọrùn àti etí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà. Ẹ tún sọ fún wọn pé òkò tí a máa ń sọ lu ajá nílé, kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ níbí. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Bí ó bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó lọ rí dókítà. Ẹ má fi epo tàbí àgbo kankan sí i. Gbogbo wa la mọ àrùn dìgbòlugi nílé. Nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dún lágbàáyé, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ló sì ń kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ. Níbí, àdán ló máa ń ní i jù, ajá kì í sábà ní i. Síbẹ̀, àrùn náà kì í gbóògùn mọ́ bó bá ti fara hàn, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ ajá tó bu èèyàn jẹ fún ọjọ́ 10. Bí ẹ kò bá fi ẹjọ́ sùn, ta ni yóò ṣọ́ ọ? Ẹ má ní ẹ kò lówó ọsibítù. Láti 1986, òfin àpapọ̀ ti ní kí ẹ̀ka pàjáwìrì yẹ aláìsàn wò, bó lówó, bí kò lówó.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun sì ni mo mọ̀ jù.

Ìyá kan wá bá mi. Ajá bu ọmọ rẹ̀ jẹ lápá. Alájá wá sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bẹ̀bẹ̀, ó fún un ní 200 dọ́là àti ìwé pélébé kan pé kó fọwọ́ sí i. Ó rò pé risíìtì ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bíìlì dé, owó ọ̀hún sì wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọlọ́run bá a ṣe é: ní Illinois, òbí kò lè dá fọwọ́ sí ìwé kó sì fi pa ẹ̀tọ́ ọmọdé rẹ́, kóòtù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ká ní ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ajá bù jẹ ni, ìbá di ariwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan kí ẹnì kan tó bá yín kà á.

Òfin Illinois ní, bí ajá bá kọlu ẹni tó wà níbi tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà, tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, tí kò sì tọ́ ajá náà, ẹni tó ni ajá yóò san gbogbo ohun tó bà jẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ fi hàn pé ajá náà ti bu ẹlòmíràn jẹ rí. Inṣọ́ránsì ilé alájá, tàbí ti ayálégbé, ló sábà máa ń san án, kì í ṣe àpò rẹ̀. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àánú aládùúgbò pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ béèrè orúkọ inṣọ́ránsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí mo ní “kò tọ́ ajá náà”. Ní 1976, ilé ẹjọ́ Illinois dá ẹjọ́ ọmọ ọdún méjì àti ààbọ̀ kan tó ṣèèṣì tẹ ìrù ajá, tí ajá sì fi èékánná ṣe é léṣe lójú. Wọ́n ní títọ́ ni, bí ọmọ náà kò tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Kò rí nǹkan gbà. Èmi kò fara mọ́ ìdájọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òun ló fà á tí mo fi sọ̀rọ̀ òkò.

Ẹ kó gbogbo ìwé jọ sínú fáìlì kan: bíìlì, risíìtì oògùn, owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ nípa ọjọ́ tí ẹ kò lè lọ, aṣọ tó ya (ẹ má fọ̀ ọ́), fọ́tò ọgbẹ́ lọ́jọ́ kìíní àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí owó náà kò bá ju $10,000 lọ, ẹ lè pe ẹjọ́ kékeré fúnra yín. Àwọn tó wà nínú ìlú, Daley Center ni. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá lọ́yà tó máa ń gba owó rẹ̀ nínú ohun tó bá rí gbà. Ọdún méjì ni àgbàlagbà ní láti pẹjọ́. Fún owó orí: ohun tí wọ́n bá san nítorí ìpalára ara, IRS kì í gba nǹkan níbẹ̀, àfi apá tí ẹ bá ti yọ bí owó ìwòsàn nínú owó orí ọdún tó ṣáájú, tàbí èlé tó gorí rẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ ń lọ tọ́jú arúgbó nílé wọn, ẹ fetí sí èyí. Bí ajá onílé bá bù yín jẹ lẹ́nu iṣẹ́, ìpalára ibi iṣẹ́ ni. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín láàárín ọjọ́ 45, kí ó sì wà lórí ìwé. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwòsàn, bí ẹ kò bá sì lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ọ̀sẹ̀ yín. Ìyẹn kò dí yín lọ́wọ́ láti pe alájá lẹ́jọ́. Kí ẹ tó wọ ilé oníbàárà tuntun, ẹ pè é, kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ajá.

Àwa náà ń sin ajá o, mo ti rí wọn. Tí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́rin, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi jẹ́ dandan, ìwé àṣẹ City Clerk náà jẹ́ dandan: $5 fún ajá tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, $50 fún èyí tí wọn kò tẹ̀. Okùn tí mo sọ yẹn, ó kàn yín.

Mo wà ní tábìlì ẹ̀yìn títí di aago mẹ́rin. Ẹni tó bá ní bíìlì tàbí lẹ́tà inṣọ́ránsì lọ́wọ́, kó mú un wá, àti àpò ìwé tó bá a wá.