Áńtẹ́nà Inú Báálù Oníkáábọ̀nù
Káábọ̀nù tí wọ́n fi ṣe ara báálù kékeré aláìlẹ́ńjìnnì tí à ń fi rìmóòtù darí fúyẹ́, ó sì le, ṣùgbọ́n ó ń dí ìgbì rédíò lọ́nà. Áńtẹ́nà tó bá wà nínú rẹ̀ lè má gbọ́ àṣẹ yín mọ́. Ẹ yọ orí áńtẹ́nà náà síta. Lórí 2.4 GHz, nǹkan bíi mìlímítà 31 tó wà ní ìhòòhò lẹ́nu wáyà ló ń gba ìgbì: ẹ má gé e, ẹ má sì fi wáyà lásán kún un. Bí kò bá dé ìta, áńtẹ́nà tí wáyà abẹ́ rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò nílẹ̀ lọ́nà jíjìn kẹ́ ẹ tó ju báálù náà sókè.