Kryptos: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ohun Abẹ̀mí

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn onílù ti ń fi ojú bá mi wí, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan péré ni mo mú wá. Àwọn Gíríìkì ló ni ín: kryptos, ohun tó pamọ́. Gbogbo yín ni ọ̀rọ̀ yìí ti fìyà jẹ nínú ìdánwò, nítorí ó bí ọmọ púpọ̀ sínú ìwé yín. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi yín nínú ìdánwò ni mo fẹ́ bi yín kí ẹ tó lọ: ta gan-an ni nǹkan ọ̀hún pamọ́ fún?

Ẹ wo Linnaeus, ará Sweden. Ní 1735 ó pín gbogbo ewéko sí ìsọ̀rí 24, òdòdó wọn ló sì fi pín wọn. Nígbà tó kan fáànì, olú, àti àwọn ewé wínníwínní tó máa ń hù lára ògiri nígbà òjò, kò rí òdòdó kankan. Ló bá kó gbogbo wọn dà sí ìsọ̀rí tó gbẹ̀yìn, ó sì pè wọ́n ní Cryptogamia, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó níkọ̀kọ̀. Ẹ̀sùn gbáà ni! Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí kò fi nǹkan kan pamọ́. Òdòdó ni ọkùnrin náà ń wá, wọn kò sì ní in. Ó di 1851 kí Wilhelm Hofmeister, ará Jámánì, tó ti ojú maikirosíkóòpù ṣàlàyé bó ṣe ń lọ fún fáànì àti àwọn ewé wínníwínní náà: ìran kan á so akọ pọ̀ mọ́ abo, ìran tó tẹ̀ lé e á tú spore sínú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó ń ta ìwé àti ìwé orin ní Leipzig ni Hofmeister ti ń ṣiṣẹ́; kò lọ sí yunifásítì kankan. (Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́ ìyẹn.)

Àwọn oníkẹ́místírì ní tiwọn. Ní oṣù karùn-ún 1898, ní Lọ́ńdọ̀nù, William Ramsay àti Morris Travers mú afẹ́fẹ́ tí òtútù ti sọ di omi, wọ́n jẹ́ kó gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì rí gáàsì kan nínú ìyókù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò jọ ti èyíkéyìí tí wọ́n mọ̀. Krypton ni wọ́n pè é. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, bí ọ̀nà kan péré ni tirẹ̀. Láti 1960 títí di 1983, ìmọ́lẹ̀ gáàsì yìí kan náà ni gbogbo ayé fi mọ bí mítà kan ṣe gùn tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn yóò pàdé cryptorchidism: ọmọkùnrin tí ẹpọ̀n rẹ̀ kan tàbí méjèèjì kò sọ̀kalẹ̀ sínú àpò. Ẹ má tijú láti sọ ọ́ fún ìyá ọmọ. Bí kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, kí wọ́n gbé e lọ bá oníṣẹ́ abẹ, kí iṣẹ́ abẹ náà má sì kọjá ọdún kan àbọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni cryptobiosis, ìyè tó pamọ́. David Keilin ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1959, àmọ́ láti 1702 ni Leeuwenhoek, ará Netherlands, ti da omi sí eruku gbígbẹ inú ọ̀pá òjò, tó rí i tí àwọn ẹ̀dá tíntìntín bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Ní Òkè Ọya, nínú ihò orí àpáta tí omi òjò máa ń dúró sí, ìdin kan wà tó ń jẹ́ Polypedilum vanderplanki. Bó bá dàgbà, ó jọ ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n kì í jẹ ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìdin náà á gbẹ pẹ̀lú ihò rẹ̀ títí omi ara rẹ̀ yóò fi kù bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Kò gbọ́dọ̀ yára gbẹ o. Bó bá yára, ó kú nìyẹn. Ó ní láti ráyè ṣe ṣúgà kan tó ń jẹ́ trehalose, tí yóò gba ipò omi, tí yóò sì le gbagidi nínú ara rẹ̀. Kò ní jẹ, kò ní mu, kò ní mí. Onímọ̀ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Hinton kọ̀wé ní 1960 pé òun fi ìdin gbígbẹ yìí sínú ooru tó ju ti omi híhó lọ, òun tún fi í sínú òtútù tó sún mọ́ òpin òtútù, ó sì jí. Àwọn kan jí lẹ́yìn ọdún 17.

Púpọ̀ nínú yín ló ń retí lẹ́tà àgùnbánirọ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí Òkè Ọya, kó má tíì sáré wá ẹni tí yóò bá a yí i padà. Kó kọ́kọ́ gun àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó bu ẹrẹ̀ gbígbẹ inú ihò kan sínú ife, kó da omi sí i, kó fún un ní wákàtí kan. Bí nǹkan bá mira, kó pè mí. Bí kò bá sì mira, kó bu ti ihò tó tẹ̀ lé e kó tó pè mí.