Kí Ọmọ Wa Tó Gba Owó Òkòwò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì kan àpò àwa tí a bí wọn. Òṣìṣẹ́ tí ó ti sìn fún ọdún 35 yóò gba owó ìfẹ̀yìntì, yóò kó o fún ọmọ tí ó jáde ní yunifásítì tí kò ríṣẹ́, pé kí ó fi ṣòwò. Òmíràn yóò yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Kí ọdún tó yípo, ọjà ti tán, owó kò sí nílẹ̀, gbèsè sì wà lọ́rùn òbí.

Kì í ṣe pé wọn kò kọ́ àwọn ọmọ náà. Láti nǹkan bí ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà máa kọ́ nípa ìdáṣẹ́sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ń há sórí fún ìdánwò ni ìtumọ̀ òwò. Ìṣirò òwò kò yé wọn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a wo ọjà kan ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí ìṣirò yìí ti hàn sójú gbangba.

Rally Time ni orúkọ ọjà náà, ní Monrovia, olú-ìlú Liberia. Ní ayé Ààrẹ William Tolbert, tí ó ṣèjọba láti 1971 sí 1980, ìjọba pe ará ìlú sí ìdáwó fún ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè, wọ́n sì pe ìdáwó náà ní Rally Time. Orúkọ kan náà ni ọjà yìí ń jẹ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà, láàárín 1989 sí 2003, àwọn obìnrin ọlọ́jà wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n pátápátá ní ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ní 2007 ni a dá àjọ Sirleaf Market Women's Fund sílẹ̀ láti tún ọjà ṣe àti láti kọ́ wọn ní ìwé. Ẹ wò ó: ìyá ọlọ́jà ń wá ìwé kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ wa ni kò fẹ́ kọ́ ọjà!

Owó méjì ni wọ́n ń ná ní Liberia, dọ́là tiwọn àti dọ́là Amẹ́ríkà. Ká sọ pé alágbàtà ra páálí ọṣẹ kan ní dọ́là Amẹ́ríkà 10, nígbà tí ọ̀kan jẹ́ 150 owó Liberia. Ó ná an ní 1,500. Ó tà á díẹ̀díẹ̀, ó pa 1,800. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òun jèrè 300, yóò sì fi ra bàtà. Ṣùgbọ́n bí dọ́là Amẹ́ríkà bá ti di 190 nígbà tí ó padà lọ ra ọjà, 1,900 ni páálí ọṣẹ kan náà. Bí kò tilẹ̀ ra bàtà, owó rẹ̀ kò tó mọ́. Èrè ni ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó tí a óò fi ra irú ọjà náà mìíràn. Àwa náà rí i ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí náírà já wálẹ̀: ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí ó rò pé òun ń jèrè, owó òkòwò ni ó ń jẹ.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí tún ń dá susu. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé inú èsúsú tiwa ni orúkọ náà ti wá. Kò ní èlé, ṣùgbọ́n ipò ẹni nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o rí ẹ̀yáwó gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ni ó yá àwọn yòókù lówó, bí ọjà bá sì ti wọ́n kí ó tó kàn án, owó rẹ̀ ti dín kù. Ẹ kọ́ ọmọ yín láti béèrè ipò tí yóò bá ìgbà tí ó fẹ́ ra ọjà mu.

N kò sọ pé kí ìjọba fi ẹ̀kọ́ òwò bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀ láti pèsè iṣẹ́. Kò yẹ kí a sọ fún ọmọ tí kò ríṣẹ́ pé ẹ̀bi tirẹ̀ ni. Àwọn ọlọ́jà Liberia pàápàá kò dá dúró. Wọ́n ní ẹgbẹ́, Liberian Marketing Association, tí ń gbẹnu sọ fún wọn níwájú ìjọba.

Nítorí náà, kí ẹ tó fún ọmọ lówó, ẹ jẹ́ kí ó lo ìsinmi kan gbáko ní ìsọ̀ oníṣòwò tí ẹ fọkàn tán. Kí ó mú ìwé kékeré kan dání, kí ó máa kọ iye tí wọ́n ra ọjà, iye tí wọ́n tà á, iye tí wọ́n fi ra òmíràn, àwìn tí kò tíì wọlé àti owó tí wọ́n mú jẹun. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín lè béèrè ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó.