Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpéjọ wa ní Festac Town)

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù àwa àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Ẹ mọ̀ pé ìròyìn eré ìdárayá ni mo ń kọ jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàálù ni mo mú wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mi jókòó létí fèrèsé yóò rántí pé bí bàálù bá ti ń kọjá lókè Amuwo-Odofin, ìwé ti parí lójú mi nìyẹn.

Eré kan wà tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń fi bàálù kékeré ṣe: wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á yí i bí òkòtó, wọ́n á tún gùn ún lọ sókè gangan. Ìdíje ni, láti 1960 ni wọ́n sì ti ń ṣe ti àgbáyé. Inú àyè tó gùn ní 1,000 mítà, tó sì fẹ̀ ní 1,000 mítà, ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, bí ẹni fi okùn pààlà sí apá kan Festac. Àwọn adájọ́ wà nílẹ̀, wọ́n ń fún àrà kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé 10. Patty Wagstaff, obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà, gba ipò kìíní ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1991, 1992 àti 1993.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ìdíje kò sí. Nígbà òtútù, ayé rò pé wọ́n ń sinmi ni. Rárá o! Awakọ̀ á kó ìwé máàkì ọdún tó kọjá jáde, á wo ibi tó ti pàdánù. Ẹnjiníà á tú bàálù, á yẹ̀ ẹ́ wò. Awakọ̀ á máa mú ọrùn, ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Á ya àwọn àrà tuntun sórí páálí kékeré, á máa rìn ín nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni bàálù. Ẹni tí kò mọ̀ á ní nǹkan ti ṣe é.

Kí ló fà á? Ara ni. Bí bàálù bá ń ṣẹ́rí lójijì, ara á wúwo. Lẹ́tà G ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ní G 6, ẹni tó jẹ́ kílò 70 á dà bíi kílò 420. Ẹ̀jẹ̀ á sáré kúrò lórí, ojú á ṣú, bí kò bá sì tètè dẹwọ́, á dákú lókè lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń fò déédéé, ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n bó bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara á gbàgbé. Ọkàn ni kì í gbàgbé. Ibẹ̀ ni ewu wà. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Á kọ́kọ́ gòkè réré, á ṣe àrà kékeré, á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, olùkọ́ á sì wà nílẹ̀ tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Ademilola Odujinrin, ọmọ Nàìjíríà, òun nìkan ló wa bàálù kékeré yí ayé po, tó parí rẹ̀ ní 2017. Kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ tó gbéra ló bẹ̀rẹ̀ ìmúra.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní àpéjọ wa tó kọjá, lẹ́yìn odidi ọdún nídìí tábìlì, mo wọ bàtà bọ́ọ̀lù, mo ní èmi náà ni nọ́ńbà 7 ayé ijọ́un. Ìṣẹ́jú kẹrin, iṣan ẹ̀yìn itan mi fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tiro lọ síbi iṣẹ́. Ká ní inú bàálù ni, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan lẹ bá fi rántí mi lónìí.

Láti oṣù mẹ́ta báyìí, mo ń rìn dé First Gate láàárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni màá gbá lónìí, ẹ̀yìn sì ni màá dúró sí. Ẹni tí kò bá tíì sáré láti ọdún tó kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá àwọn olùkọ́ wa jókòó, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́. Ọdún tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

 Gbogbo wa la ó tún pàdé, lórí ẹsẹ̀ wa méjèèjì.